Àlàó, pe ẹ̀gbọ́n rẹ

Àlàó ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Atẹ́gùn ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, káfíńtà ti bá wa kàn án padà. Màmá àgbà ń kí ọ.

Ẹnìkan tó ti Èkó dé ló sọ fún mi pé o yá owó, pé àwọn tó ń gbàdúrà fún ọ níbẹ̀ ní kí o gbé e wá sórí pẹpẹ wọn, kí pẹpẹ ilé bàbá rẹ, ìyẹn ojúbọ ìdílé, lè yé bá ọ jà. Ó ní wọ́n rí ẹ̀gbọ́n rẹ lójú ìran, ìdí nìyẹn tí o kò fi gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Orí rẹ pé bí?

Ibi tí a ti ń rúbọ sí Ọlọ́run ni wọ́n pè ní pẹpẹ nínú Bíbélì wa, bí èyí tí a ń to àwo sí; wọn kò pè é ní ojúbọ. Nóà la kọ́kọ́ kà pé ó tẹ́ ẹ, Jẹ́nẹ́sísì 8:20, lẹ́yìn tó jáde nínú ọkọ̀. Nígbà tí Ọlọ́run máa sọ bí wọn ó ṣe mọ ọ́n, nínú Ẹ́kísódù 20, erùpẹ̀ ló ní kí wọ́n fi mọ ọ́n. Bó bá jẹ́ òkúta, kí wọ́n má gbẹ́ ẹ, torí irinṣẹ́ tó bá kàn án ti bà á jẹ́. Erùpẹ̀, Àlàó! Ta ló ń yáwó ra erùpẹ̀? Ti iwájú àgọ́ ìjọsìn ayé Mósè ló wá ní ìwọ̀n: igbọnwọ́ 5 ní gígùn, 5 ní ìbú, 3 ní gíga, igi tí wọ́n fi idẹ bò, ìwo ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹran ti ń ṣe ètùtù fún ènìyàn, Léfítíkù 17:11. Ìwé Hébérù orí 10 ní Jésù ti rú ẹbọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó kù fún wa ni ara wa, ìyìn, àti oore ṣíṣe.

Wọn á ní Gídíónì wó pẹpẹ ilé bàbá rẹ̀. Ó wó o. Ka Onídàájọ́ 6 dópin. Ìránṣẹ́ 10 ló kó lọ lóru, igi ère tó gé lulẹ̀ náà ló fi dáná ẹbọ. Kò sanwó fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ará ìlú fẹ́ pa á, Jóáṣì bàbá rẹ̀ gan-an ló dìde, ó ní bí Báálì, òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, bá jẹ́ ọlọ́run, kó gbèjà ara rẹ̀. Bàbá tó ni pẹpẹ ló gba ọmọ sílẹ̀! Àti pé ojúbọ wo ló kù nílé wa? Ata ni mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí ló ń dùn mí. Mátíù 5:23 kò sọ pé bí ìwọ bá ní nǹkan sí i. Ó ní bí o bá rántí pé òun ló ní nǹkan sí ọ, fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ bá a. Gálílì ni Jésù ti ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Jerúsálẹ́mù ni pẹpẹ wà, ìrìn bí ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ó fi ẹran sílẹ̀, wọn ó rìn padà sílé. Ìwọ, fóònù lásán ni.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé nǹkan le. Má rò pé mo ń bú ọ.

Èmi ni mo ń fọ aṣọ pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wáìnì tó bá ta sí i, omi tútù ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Àbẹ́là tó bá kán sí i, a ó jẹ́ kó le, a ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ há a, a ó tẹ́ bébà sí i ká tó lọ̀ ọ́. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì ń gba oúnjẹ Olúwa níbẹ̀, èmi àti àbúrò mi kò sì kíra. Mo ní òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wá. Ó kú kí n tó lọ bá a.

Bí owó náà bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, dá a padà fún ẹni tó yá ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń délé ní agogo méje alẹ́. Pè é kí o tó pè mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.