Àbẹ̀kẹ́, Wo Àwọn Ará Ilé Beta Pẹ̀lú

Kubwa, Àbújá.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka àkòrí iṣẹ́ ìwádìí tí o fi ránṣẹ́ láti Zaria, inú mi sì dùn pé jíìnì beta globin, tó ń ṣe apá kan haemoglobin (èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀), tí àléébù rẹ̀ ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ni o fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ tó ti pẹ́ nídìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o má ṣe yà á sọ́tọ̀ bí ẹni tí kò ní ẹbí.

Pé lẹ́tà DNA GAG di GTG, tí èròjà valine sì gba ipò glutamic acid nínú beta globin, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ti há ìyẹn sórí. Ìdìpọ̀ tí jíìnì náà wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn jíìnì ẹbí rẹ̀ tó tò tẹ̀ léra wọn, ló lọ́rọ̀ jù. Lórí kúrómósómù 11 tiwa, epsilon ló ṣíwájú, gamma méjì tẹ̀ lé e, ọ̀kan tí kò lè ṣe globin mọ́ wà lẹ́yìn wọn, kí ó tó kan delta àti beta. Bí wọ́n ṣe tò ni iṣẹ́ ṣe ń kàn wọ́n, bí ìgbà tí a bá ń pín nǹkan láti orí àgbà dé orí ọmọdé nínú agboolé: epsilon fún ọlẹ̀, gamma fún ọmọ inú oyún, beta fún ẹni tí a ti bí. Orí kúrómósómù 16 ni àwọn alpha, tó ń bá beta ṣe haemoglobin, wà, síbẹ̀ orísun kan náà ni gbogbo wọn ti wá; nínú àkèré Xenopus, alpha àti beta ṣì wà pọ̀ lójú kan.

Wo àwọn ewúrẹ́ tó ń rìn kiri ní Samaru yẹn. Ìdìpọ̀ beta tiwọn ti di ìlọ́po mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, tó fi jẹ́ jíìnì 12. Ọmọ ewúrẹ́ inú oyún ní haemoglobin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà beta àgbà ló sọ di ti oyún, nígbà tó jẹ́ pé gamma ni tiwa, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹranko afọ́mọlọ́mú ń lò fún ọlẹ̀ nìkan. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lára wa sì rèé, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe nínú ọlẹ̀ ewúrẹ́. (Nítorí náà, jọ̀wọ́, má ṣe kọ ọ́ síwèé pé pàǹtí ni.)

Níbi iṣẹ́ wa, bí a bá fi iná mànàmáná sí ẹ̀jẹ̀ lórí cellulose acetate láti ya àwọn haemoglobin sọ́tọ̀, A (ti àgbà) ló máa ń sáré jù, S (ti fòníkú-fọ̀ladìde) wà lẹ́yìn, F (ti ọmọ inú oyún, tí gamma ń ṣe) sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, ìlà F yẹn máa ń nípọn débi pé àwọn yòókù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń dáàbò bo ọmọ SS ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, kí BCL11A, jíìnì mìíràn tó ń darí wọn, tó ti gamma pa. Ìtọ́jú Casgevy fún àrùn náà, tí Bírítéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, kò fọwọ́ kan lẹ́tà tó yí padà lára beta rárá. Ohun tó ń mú BCL11A pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló gé, kí gamma lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Aládùúgbò ni wọ́n jí kí ara aláìsàn tó balẹ̀.

Tọ olùkọ́ rẹ lọ kí o tó kọ orí kejì, kí o béèrè bóyá o lè fi ìdìpọ̀ ti ènìyàn wé ti ewúrẹ́. Àwọn ìlà DNA méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GenBank, àkójọ ìlà DNA orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní ná ọ ju dátà lọ, màá sì fi ìyẹn ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.