Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ San Owó Mi, Ẹ Yé Fi Òfin Bojú

Ọjà Ìtokú,
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Oníṣòwò àdìrẹ ni mí. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi láti London àti Houston máa ń fi USDT, kọ́ìnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ọ̀kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan, sanwó, nítorí ó ń tètè wọlé ju owó báńkì lọ, orí áàpù yín ni mo sì ti ń gbà á. Nígbà tí ẹ gbé kọ́ìnì dọ́là tiyín jáde, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé dọ́là kan wà ní báńkì fún kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan, pé ìgbàkígbà tó bá wù wá la lè gba owó wa padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbà gbọ́ tí mo fi kó owó ọjà mi sínú kọ́ìnì yín.

Láti ìgbà tí mo ti ní kí ẹ san án fún mi, èsì kan náà ni: "A ń ṣe àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí." Òfin wo? Àjọ wo ló pàṣẹ? Ẹ kò sọ. Ẹ béèrè BVN, NIN, ìwé iná mànàmáná àti rìsíìtì ọjà tí mo fi ránṣẹ́ sókè òkun. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún yín. Láti ìgbà náà, ẹ dákẹ́.

N kò bá òfin jà o. Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀, kí owó ọ̀daràn má baà gba ọwọ́ yín kọjá. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ìwọlé ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu: oníbàárà mi kan fi owó ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọlé lójú ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin wo ló ń dá owó tó ń jáde nìkan dúró? Ó tún wá burú sí i nígbà tí òṣìṣẹ́ yín kan pè mí lórí fóònù, tó ní bí ara bá ń kán mi, kí n tà á fún ilé-iṣẹ́ yín ní sẹ́ǹtì 93 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé àyẹ̀wò náà á wá parí lọ́gán tí mo bá ti gbà láti pàdánù sẹ́ǹtì 7 ni? Bí dọ́là kan bá sì wà nílẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí ẹ̀yin tí ẹ ṣe kọ́ìnì náà kò lè rà á ní dọ́là kan?

Mo lọ ka ìwé àyẹ̀wò owó tí ẹ fi sórí áàpù, èyí tó yẹ kó fi hàn pé owó wà nílẹ̀ fún kọ́ìnì yín, látòkè délẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ lé lórí, ọjọ́ náà sì ti pẹ́. Kò dárúkọ báńkì kankan. Ibì kan tiẹ̀ wà tí wọ́n kọ "àwọn ìdókòwò mìíràn" sí láìsọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ẹ má sọ pé ìbẹ̀rù lásán ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, CFTC, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń ṣọ́ ọjà owó nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 41 dọ́là lé Tether tó ni USDT. Nínú àwọn ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò láàárín ọdún 2016 sí 2018, ọjọ́ tí owó gidi tó wà nílẹ̀ kájú iye kọ́ìnì tó wà níta kò ju ìdá 27.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, tí Silicon Valley Bank dẹnu kọlẹ̀, Circle tó ni USDC, kọ́ìnì dọ́là mìíràn, jáde sọ pé bílíọ̀nù 3.3 dọ́là nínú owó tó wà nílẹ̀ fún kọ́ìnì náà há síbẹ̀. USDC já wálẹ̀ kọjá sẹ́ǹtì 90, ọkàn ará ìlú kò balẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dárúkọ báńkì, wọ́n sọ iye. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣèlérí pé gbogbo ẹni tó fowó síbẹ̀ ló máa rí owó rẹ̀ gbà, kọ́ìnì náà padà sí dọ́là kan. Ẹ̀yin, ẹ kò tíì dárúkọ ohunkóhun.

Òfin tí ẹ ń fi bojú yìí, ẹni tó ni owó ló ń dáàbò bò. Láti 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni òfin MiCA, òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí owó kọ́ìnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti fún ẹni tó ní kọ́ìnì bí èyí lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ padà nígbàkígbà, ní pípé, láìsan owó iṣẹ́. Òfin GENIUS tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2025 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú kọ́ìnì yìí máa fi ohun tó wà nílẹ̀ han aráyé lóṣooṣù. Níbí náà, òfin ISA ọdún 2025, òfin Nàìjíríà lórí ìdókòwò, ti fi irú òwò yìí sábẹ́ SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò.

Ẹ san owó mi, dọ́là kan fún kọ́ìnì kan. Bí àjọ kan bá ní kí ẹ dá a dúró, ẹ kọ orúkọ àjọ náà àti ọjọ́ tó pàṣẹ ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ sì fi báńkì tí owó wà han gbogbo oníbàárà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ mi: ọ̀pọ̀ aláṣọ tí a jọ wà lọ́jà yìí ló ń gba owó sórí áàpù yín, àwọn aláró tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì ń dúró de owó iṣẹ́ wọn.

Bí n kò bá rí èsì lákọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ sí SEC àti FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín àti nọ́mbà tí òṣìṣẹ́ yín fi pè mí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, oníṣòwò àdìrẹ