Ẹ̀sùn lórí Ìrìn-àjò sí Lindisfarne: Wákàtí Kan Dípò Méje

Leeds,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ yín sùn yín lórí ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan tí ẹ ṣètò láti Leeds lọ sí erékùṣù Lindisfarne ní Northumberland lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Èmi àti màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 71, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, san £65 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nítorí ìkéde tí ẹ fi ránṣẹ́ lédè Yorùbá lórí WhatsApp sọ pé ìrìn pẹ̀lẹ́ ni, pé wákàtí méje la ó lò níbẹ̀, pé òkun yóò sé wa mọ́ erékùṣù títí di ìrọ̀lẹ́, tí a ó sì ráyè wo àwọn òkúta rẹ̀ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la lò.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun máa ń kún bo títì tó gba orí iyanrìn wọ erékùṣù, àkókò tó sì ń kún máa ń yí láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ìbílẹ̀ Northumberland fi ń gbé àkókò tí ọ̀nà ṣeé kọjá jáde ṣáájú, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Lọ́jọ́ náà, aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀sán ni ọ̀nà yóò dí, kò sì ní ṣí títí di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fara balẹ̀ yóò ti wọlé láàárọ̀, yóò jẹ́ kí òkun kún kó sì fà lójú òun, kó tó padà. Ohun tí ìkéde yín ṣèlérí gan-an nìyẹn, òun ló sì mú mi sanwó, torí pé nígbà tí omi bá ti sé ọ̀nà, ọ̀pọ̀ àlejò á ti lọ, ibẹ̀ á sì pa rọ́rọ́.

Bọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbéra ní aago méje kò yọjú títí di aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ la débẹ̀. A kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí awakọ̀ fi kéde pé aago kan ku ogún ìṣẹ́jú la ó padà, nítorí pé wọ́n ti háyà ọkọ̀ náà fún òde kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò bá awakọ̀ wí; iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ẹni tó gba owó iṣẹ́ méjì lórí ọkọ̀ kan lọ́jọ́ kan náà ni mo ń bá wí.

Ọgbọ̀n ọdún ni màmá mi fi ta ìlẹ̀kẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé òkúta wẹ́wẹ́ kan wà létí òkun níbẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ìlẹ̀kẹ̀ Cuthbert Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ láyé àtijọ́: ó rí roboto, ihò wà láàárín rẹ̀, àwọn ará àtijọ́ sì máa ń sín in bí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Ègé ara ẹ̀dá òkun kan ni, ẹranko tó ń dúró bí òdòdó lórí igi rẹ̀, tó ti di òkúta láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù lọ́nà 300 ọdún. Màmá kò fẹ́ kó o lọ, wọ́n kàn fẹ́ fojú rí i ni. Wọ́n gbé awò tí wọ́n fi ń yẹ iyùn wò nígbà tí wọ́n ń tajà dání, wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e. Inú áńkáṣíìfù náà ló wà títí a fi padà sí Leeds, nítorí pé lẹ́yìn tí a tò sórí ìlà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, orúnkún wọn kò jẹ́ kí a kọjá ahoro ilé tí àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún ẹ̀sìn Kristi, ń gbé láyé àtijọ́.

Òkèèrè la ti wo àpáta tí wọ́n kọ́ ilé olódi lé. Afinimọ̀nà yín ní àwọn Viking, àwọn ajagun orí omi láti Scandinavia láyé àtijọ́, ló kó òkúta rẹ̀ jọ. Lóòótọ́ ni àwọn Viking kógun ja ibẹ̀ lọ́dún 793, ṣùgbọ́n òkúta yíyọ́ tó gbóná janjan tó sì tutù sábẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù lọ́nà 295 ọdún sẹ́yìn ni àpáta yẹn, ìdílé kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n kọ́ ilé olódi Bamburgh lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó kà nípa rẹ̀.

Nígbà tí mo pè yín, ẹni tó gbé fóònù ní òkun ló fa gbogbo rẹ̀, ó sì fi ẹ̀dínwó £10 lọ̀ mí. Òkun dé ní àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Bọ́ọ̀sì yín ni kò dé. Mo ń béèrè £90 nínú £130 tí a san, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ sì yọ “wákàtí méje” kúrò nínú ìkéde náà títí ẹ ó fi ní ọkọ̀ tó lè dúró dìrọ̀lẹ́. Mo fi rìsíìtì méjèèjì àti ìkéde yín mọ́ lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyáàfin A. O.