Ẹ Má Kó Gbogbo Ènìyàn Yín Sínú Bárékè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá àyè fún lẹ́tà yìí. Àwọn ìyàwó ológun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Èkó láti Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Mákọ́dí tàbí Màídúgùrì la kọ ọ́ sí, àti àwọn ará Èkó tí wọ́n ń gbé ìdí ọgbà wọn.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ìyàwó ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kó fara mọ́ àwọn obìnrin bárékè, wọn ò ní jẹ́ kó dá wà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé. Bí wọ́n bá ní kí ikọ̀ kan máa lọ sí Borno, ọjọ́ kan náà ni ọkọ gbogbo ilé tó wà ní ìlà yẹn máa gbéra. Ìyá tí ẹ fọkàn sí pé yóò bá yín gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru, ọkọ tirẹ̀ náà ti lọ, ọmọ mẹ́ta ló sì wà lọ́rùn òun nìkan. Ẹ ò tíì mọra yín tán tí ìwé ìṣípòpadà tirẹ̀ á fi dé.

Ẹ rántí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà ń bú gbàmù. Ẹni tó yẹ kó gba aládùúgbò rẹ̀ sílé, òun náà ń sá. Ọmọ bọ́ mọ́ ìyá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá títí dé Òkè-Àfá, wọ́n kó sínú omi kánààlì nínú òkùnkùn. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Bí gbogbo ẹni tí ẹ lè ké sí bá wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, ohun kan ṣoṣo ló lè mú gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé láàárín ogójì ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ ní ẹni mẹ́ta nínú ọgbà, kí ẹ sì ní méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn géètì.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ìwé tí ilé-ìwé fi yọ̀ǹda àwọn ọmọ, èsì ìdánwò wọn tó gbẹ̀yìn, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti káàdì ilé ìwòsàn, inú báàgì ọwọ́ yín ni kí wọ́n wà, wọn ò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ ẹrù. Ọkọ̀ ẹrù lè bàjẹ́ lọ́nà, kó lo ọ̀sẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15 kò sì ní dúró dè é. Ètò adójútòfò ìlera kárí bàbá, ìyá àti ọmọ 4 tí kò tíì pé ọdún 18, àmọ́ ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń bọ̀ ni orúkọ yín ṣì wà. Ẹ lọ yí i padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má di pé ara ọmọ ń gbóná lóru kí wọ́n máa wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ SS3 tó ti forúkọ sílẹ̀ fún WAEC, ẹ má gbé e kúrò níbi tó wà rárá. Ilé-ìwé yẹn ni nọ́ńbà rẹ̀ so mọ́. Ẹ wá ẹbí tí yóò gbà á sílé títí tí yóò fi ṣe tán.

Nínú bárékè, ọ̀dọ̀ Magajiya ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí. Òun ni olórí àwọn ìyàwó ṣọ́jà, òun ló mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, ẹni tó mọ iṣẹ́ agbẹ̀bí. NAOWA jẹ́ ẹgbẹ́ ti ìyàwó àwọn ọ́fíṣà. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ́fíṣà tó lọ ń dúró kí wọ́n wá pè òun níbẹ̀, á dúró pẹ́. Kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ wà, ẹ ní kí Magajiya ibẹ̀ fóònù ti Èkó, kí orúkọ yín ti ṣáájú yín dé. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó, ẹ jáde tẹ̀yin ti ìgbálẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀yáwó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rẹ́ pẹ̀lú aládùúgbò. Lọ́dọ̀ aláta kan náà nínú Mammy Market, ọjà inú bárékè, ni kí ẹ ti máa ra ata. Bí ẹ bá pa ọjọ́ méjì jẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ béèrè yín.

Ẹ wọ àjọ, nítorí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò mọ̀ bí ara yín kò bá yá. Ṣùgbọ́n àjọ bárékè ní àrùn tirẹ̀. Ká ní ẹni 10 ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ₦50,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó. Ẹni tó kó ní ọ̀sẹ̀ kìíní lè gba ìwé ìṣípòpadà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kó di ẹrù, kó sì fi gbèsè ọ̀sẹ̀ 7 sílẹ̀, ìyẹn ₦35,000. Ìjà tó ń tẹ̀yìn èyí yọ ti tú ìlà ilé mìíràn ká pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àjọ ọdún kan kò fi yẹ bárékè. Kó má kọjá ọ̀sẹ̀ 10. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kó kó gbẹ̀yìn ní ìgbà àkọ́kọ́. Kí ìwé àkọsílẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ olórí àjọ, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí olówó buwọ́ lu méjèèjì.

Lẹ́yìn géètì ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin sì ti ń jáfara. Ẹ wá ìjọ tàbí mọ́sálásí tí kò sí nínú ọgbà. Ẹ wá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín. Àwọn Tiv, Igala àti Ẹ̀gbìrà ní tiwọn l'Ékòó. Ẹ lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Bí ẹ bá háyà ilé síta, ẹ wọ ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹ mọ ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì mọ orúkọ nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, nítorí láti Ọ̀jọ́ dé ilé ìwòsàn ológun ní Yábàá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gba wákàtí mẹ́ta. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí ẹ mọ ilé rẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé ọkọ yín kò sí nílé o, ẹ má sì gbé ọjọ́ tí yóò lọ tàbí ibi tó wà sórí WhatsApp.

Ohun kan wà tó ń ba gbogbo èyí jẹ́ lójú ẹsẹ̀: kí èèyàn máa fi kákí ọkọ halẹ̀ mọ́ni. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ ṣọ́jà sí alágbàfọ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo òpópónà ti gbọ́ kó tó di alẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yín mọ́.

Bí ẹ bá ti ní àwọn ènìyàn yìí, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ sórí páálí, kì í ṣe inú fóònù nìkan, nítorí fóònù a máa kú. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ dára, kí ẹ fi bírò dúdú kọ ọ́ gàdàgbà, kí ọmọ ọdún méje lè kà á. Ẹni tó lè lọ mú ọmọ nílé-ìwé. Ẹni tí a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Ẹni tó ní mọ́tò. Ẹni tó lè yá wa ní ₦20,000 láìbéèrè púpọ̀. Ẹnì kan tí kò gbé Èkó, tí gbogbo ilé lè fóònù bí a bá pínyà. Lẹ́yìn náà, 112 àti 767, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti pàdé bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀: ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan tó jìnnà sí ọgbà. Inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí àlejò má kà á, ẹ má sì kọ ipò ọkọ yín síbẹ̀.

Kí ẹ wá dán an wò. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan tí nǹkan kan kò ṣe yín, ẹ ní kí aládùúgbò yẹn lọ bá yín mú ọmọ. Ẹ ó rí i pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé-ìwé kò ní fún un, nítorí ẹ kò tíì mú orúkọ àti fọ́tò pélébé rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ó sàn kí ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lọ. Ẹ mú orúkọ ẹni méjì lọ, ọ̀kan láti inú ọgbà, ọ̀kan láti ìta.

Ẹ̀yin ará Maryland, Ṣógúnlẹ̀, Òjúẹlẹ́gba, Àpápá àti Ọ̀jọ́, a mọ̀ pé ẹ̀rù ṣọ́jà ń bà yín, ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó pọn ọmọ bọ̀ láti ọjà, tí kò gbọ́ Yorùbá, kò mú ìbọn dání. “Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn” ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ bá a ná ọjà kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ̀yin tí ìwé tiyín ti dé, tí ẹ ń kúrò l'Ékòó, ẹ̀bẹ̀ kan la ní sí yín. Ẹ má fi páálí tí ẹ kọ orúkọ sí yẹn dáná. Ẹ wá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlà yín, ẹ mú un rìn lọ́jọ́ kan: ọ̀dọ̀ Magajiya, ọ̀dọ̀ aláta, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ tíṣà, ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé òun ló kàn, kí ẹrù yín tó wọ ọkọ̀.

Àwa ìyàwó ológun kan,
Ìkẹjà, Èkó