Òkúta Aro ló ṣí ẹnu ọ̀sà Èkó

Sí Olóòtú,

Ẹni bá ń sọ ìtàn èbúté Èkó, kó má bẹ̀rẹ̀ láti Àpápá. Ọdún 1926 ni ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ibẹ̀ parí. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn, iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé: ojú agbami ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á fi okùn sọ èrò kalẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ náà sókè lójijì, apẹ̀rẹ̀ á forí sọ ọ́.

Òkúta tí wọ́n fọ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ni rélùwéè kó wá tí wọ́n fi mọ àwọn ògiri sínú òkun, ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ẹnu ọ̀sà. Omi ráyè sáré láàárín wọn, ó ń gbá iyanrìn lọ. Àmọ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni òkun ń wọ́ iyanrìn létí ibí. Ògiri ìwọ̀-oòrùn dá a dúró, iyanrìn ga lẹ́yìn rẹ̀, Bar Beach, etíkun tó wà ní ìlà-oòrùn ẹnu ọ̀sà, kò sì rí tirẹ̀ gbà mọ́. Ìdí nìyí tí iyanrìn tí wọ́n máa ń dà síbẹ̀ nígbà kan rí fi ń ṣàn lọ lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ èyí mọ́ ìtàn èbúté Èkó.