Lẹ́tà sí Bàbá Bud Fowler, lórí tíìmù tí ẹ dá sílẹ̀ ní Adrian

Bàbá Fowler, mo dọ̀bálẹ̀ o, àbí kí n pè yín ní John Jackson tí wọ́n sọ yín nílé. Ẹ ò mọ̀ mí, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ mí, torí ọdún 1913 lẹ ti lọ ní Frankfort, New York, èmi sì rèé, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, ẹnu àìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bésì kejì nínú bésíbọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ibi tí ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n gbádùn, mo sì ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ bá yín rò.

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yìn yín á ní ẹ̀yin lẹ́ni dúdú àkọ́kọ́ tó gbowó gbá bésíbọ́ọ̀lù láàárín àwọn òyìnbó, pé 1878 ni, wọ́n á sì kọjá síwájú. Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, ibi tí mo ti rí ọgbọ́n orí yín ni tíìmù kékeré yẹn, Page Fence Giants, tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ nílùú Adrian ní Michigan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895 tó sì ti pòórá nígbà tí 1898 fi máa parí.

Ká má parọ́, ojú yín ti rí tó kẹ́ ẹ tó dé Adrian. Stillwater ní Minnesota, Keokuk ní Iowa, Binghamton ní New York, ẹ dé ibẹ̀, ẹ gbá bọ́ọ̀lù tó dáa, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín, tó bá ṣe díẹ̀ wọ́n á wá bí wọ́n ṣe máa lé yín lọ. Ní Binghamton ní 1887, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń wọ jẹ́sì kan náà gan-an ló ní àwọn ò bá yín gbá a mọ́, kó sì tó di ìparí July ọdún yẹn, àwọn alágbára líìgì tí tíìmù Binghamton wà ti jókòó, wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn ò ní gba ẹni dúdú míì wọlé. Ti pákó yẹn ló tiẹ̀ máa ń dùn mí jù. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá dúró nídìí bésì kejì, àwọn tó ń sáré bọ̀ á mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè kí irin ìsàlẹ̀ bàtà wọn lè ya yín lójúgun, ni ẹ bá lọ wá pákó pẹlẹbẹ, ẹ dì í mọ́ ojúgun méjèèjì, ẹ tún padà lọ dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níṣẹ́ bábà lọ́wọ́ o, tẹ́ ẹ lè jókòó jẹ́jẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ máa gé irun bíi bàbá yín.

1894 ẹ wà ní Findlay, Ohio, ibẹ̀ lẹ̀yin àti Grant Johnson ti pàdé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà débi tí wọ́n fi ń pè é ní Home Run. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dá a rò pé kí ló dé tá a fi ń bẹ̀bẹ̀ kiri, ẹ jẹ́ ká ní tiwa. Owó ò sí ní Findlay, lẹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Adrian, ibi tí ilé iṣẹ́ J. Wallace Page ti ń hun wáyà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣọgbà. Wọ́n ní àwọn máa náwó sí i, kí tíìmù sáà ti máa jẹ́ orúkọ ọjà àwọn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní ìtìjú ni, pé kí ọmọ èèyàn máa gbé orúkọ wáyà káyà kiri. Èmi ò rí ìtìjú níbẹ̀ o. Lónìí tíìmù wo ni ò gbé orúkọ báńkì tàbí ti oníbíà sáyà?

Ẹ wá wo kọ́ọ̀ṣì rélùwéè yẹn! Tiyín nìkan, ibùsùn wà nínú ẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, kúùkù tẹ̀ lé yín. Àwọn kan kà á sí fàájì, wọn ò rántí pé àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ìlú kéékèèké ìgbà yẹn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni dúdú, kò dẹ̀ sí ẹni tó máa bi wọ́n. Bí rélùwéè bá ti dúró báyìí, kẹ̀kẹ́ lẹ máa gùn jáde, gbogbo tíìmù nínú jẹ́sì, ẹ̀ ẹ́ gba àárín ìlú kọjá, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé yín, ẹni tí ò ní i lọ́kàn láti wòran á bá ara ẹ̀ ní pápá, bíi ti ọkọ̀ àwọn olóògùn tó ń fi lásípíkà polówó kiri àdúgbò wa. Ẹ sì ń gba bọ́ọ̀lù náà lóòótọ́, kì í ṣe ariwo lásán. Ìbẹ̀rẹ̀ 1895, Cincinnati Reds tó wà ní líìgì ńlá na yín 11 sí 7, wọ́n tún na yín 16 sí 2, mo ní áà, ó ti parí. Ló bá di pé nígbà tí ọdún máa fi yí po, ẹ ti jáwé olúbórí lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gọ́fà, 118, wọ́n na yín ní 36, ẹ gbá ọ̀mì 2.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ rèé. Nígbà tí 118 yẹn pé, ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́! Àárín July lẹ ti fi wọ́n sílẹ̀, ẹ lọ bá tíìmù àwọn òyìnbó Adrian níbẹ̀ náà, tó ń gbá Michigan State League, lẹ́yìn náà ẹ kọjá sí Lansing. Ọmọ tẹ́ ẹ bí, kò tíì rá kòrò, ẹ ti yà lọ. Mo ro ó títí, mo rí i pé ó jọ pé ohun tó wà lọ́kàn yín látìbẹ̀rẹ̀ náà ni pé kẹ́ ẹ wà láàárín wọn, kí wọ́n rí yín, kí wọ́n gbà. Ìlú Adrian náà kọ mí lóminú ṣá o: George Wilson tó ń ju bọ́ọ̀lù àti Vasco Graham tó ń hán an, dúdú làwọn méjèèjì, wọ́n wà nínú tíìmù òyìnbó yẹn lọ́dún kan náà tí Honus Wagner, òyìnbó, fi gba ibẹ̀ kọjá. Wagner ló di ìràwọ̀ ńlá. Wilson ò rí líìgì ńlá rí.

Johnson ló dúró tọ́ ọmọ. 1896 àwọn àti Cuban X-Giants, tíìmù àwọn dúdú míì, gbá a lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún káàkiri Michigan (ọmọ Amẹ́ríkà pọ́nńbélé làwọn X-Giants yìí o, Cuba tí wọ́n ń pera wọn kàn jẹ́ ẹ̀wù ni), Page Fence mú 10, wọ́n fi 5 sílẹ̀. Ìlú kékeré kò lè bọ́ irú tíìmù yẹn ṣá, ojú ọ̀nà ni oúnjẹ wọn wà. 1899, púpọ̀ nínú wọn ti wà ní Chicago, wọ́n ti di Columbia Giants. Charlie Grant wà lára wọn, òun ni John McGraw, mánéjà tíìmù òyìnbó Baltimore, fẹ́ fi ọgbọ́n gbé wọ tíìmù náà ní 1901, ó ní ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Indian ni, kì í ṣe ẹni dúdú, pé Tokohama ni orúkọ ẹ̀. Àṣírí tú, wọn ò gbà á.

Ìròyìn tiyín dáa o, ó kàn pẹ́ ni. 1987 ni wọ́n tó fi òkúta sí ojú oórì yín. 2013 wọ́n sọ òpópónà kan ní orúkọ yín ní Cooperstown tẹ́ ẹ gbé dàgbà, 2022 wọ́n wá gbé yín wọ gbọ̀ngàn àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù níbẹ̀, Dave Winfield, akọni bésíbọ́ọ̀lù bíi tiyín, ló sọ̀rọ̀ lórúkọ yín. December 2021 ni wọ́n dìbò yẹn, orúkọ Johnson wà lórí ìwé ìdìbò kan náà pẹ̀lú yín, ìbò ẹ̀ ò pé. Tẹ́ ẹ bá wà pa pọ̀ níbẹ̀, ẹ bá mi kí i, ẹ dẹ̀ sọ fún un pé èmi ti dìbò tèmi.