Tiwa Ni Omi Náà

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ti múra sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo pa á tì nítorí ìjà omi tó ṣẹlẹ̀ nídìí kànga ìjọ wa. Ẹni tó wà nínú ọgbà ìjọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú mọ̀ ọ́n, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 26, láti ẹsẹ 15. Àwọn ará Filísítíà rọ erùpẹ̀ kún gbogbo kànga tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù gbẹ́. Ẹsẹ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Nílẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀, wọn ò fa omi náà mu, wọn ò tà á, wọ́n dí i! Kí ẹlòmíràn má ṣáà ti rí mu. Nígbà tí Ísáákì tún kan omi ní Gérárì, àwọn darandaran ibẹ̀ ní, "Tiwa ni omi náà." Níbo ni wọ́n wà nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ Ísáákì ń gbẹ́ ẹ? Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni: Éṣékì, ìyẹn Ìjà, ni Ísáákì sọ kànga yẹn, ó sì sọ èkejì tí wọ́n tún jà sí ní Sítínà, ìyẹn Ìṣọ̀tá. Ísáákì kó ẹrù rẹ̀, ó gbẹ́ Réhóbótì, ìyẹn Ààyè, tí ẹnikẹ́ni kò jà sí.

Àwa ńkọ́, ibo la ó kó lọ? Orí àpáta ni Ìbàdàn wà. Ẹ bi àwọn agbẹ́kànga, wọ́n á sọ iye ihò tí wọ́n gbẹ́ tí wọn ò kan nǹkan kan. Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ṣe ní 1942, ìlú ti ju agbára rẹ̀ lọ. Kànga ìjọ yìí ni Réhóbótì tiwa.

Ẹ wá gbọ́. Ìyá arúgbó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì láti ìdájí, ìwọ fa rọ́bà wọ táǹkì ilé rẹ, o tún ń fọ mọ́tò! Ìwọ tó o dáwó pọ́ǹpù, ṣé ọrẹ lo mú wá ni àbí àgádágodo? Ọwọ́ tí ẹ gbé sókè sí ara yín, ẹ má gbé e sókè níbi ìyìn títí ẹ ó fi parí ìjà náà.

Ọmọ mi ni gbogbo yín ṣá. Nílé tí mo dé lọ́jọ́ Ẹtì, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Láti òní, àgbà àti abiyamọ ni yóò kọ́kọ́ pọn. Ẹ tọ́jú omi ìfọṣọ fún ṣáláńgá. Bí àkọ́rọ̀ bá dé, ẹ jẹ́ kó fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀.

Ìkéde: Ìgbìmọ̀ ìkórè, ẹ dúró lẹ́yìn ìsìn. Ìṣọ́ òru, Ẹtì, aago mẹ́wàá. Ẹni tó ni ìkòkò ńlá tó wà nílé ìdáná láti ọjọ́ ìsìnkú, kó wá gbé e.